Ihò Méje Létí Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ ní kí n wá sọ tèmi. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀. Ìwé ni mo fi ọjọ́ ayé mi rán ní ìlú Jos, inú sì ń bí mi títí di òní. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé ìbínú ò ṣe nǹkan fún ni, pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Obì ló ń tà, ó sì ti ń gbé Tudun Wada ní Jos kí wọ́n tó bí mi. Àwa ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, Hausa la fi ń ṣeré, Hausa la fi ń jà, Yorùbá la fi ń gba ìbáwí nílé. Ilé kéwú ni bàbá mi fi mí sí. Mo ń ka ìwé lárúbáwá geere, mo sì lè fi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n A, B, D tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ sára ògiri, mi ò mọ ọ̀kan nínú ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tí bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àáfà Jímọ̀, ará Ìlọrin bíi tiwa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí àwọn àáfà àti málàmù kó Àlùkùránì tó ti já wá fún un, kó tún un rán. A ó to ewé ìwé náà jọ, a ó fi òòlu lu ihò méje sí etí rẹ̀, a ó fi òwú tí a ti fi ìda oyin pa gba inú ihò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, a ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a tó fi awọ ewúrẹ́ pupa bò ó. Apá ọ̀tún la máa ń rán, nítorí pé láti ọ̀tún ni ìwé lárúbáwá ti ń ṣí. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ Àáfà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́. Tí o bá fi ọmọnìka méjì mú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé tó rán, tí o gbé gbogbo ìwé náà sókè, kò ní já. Mo ti rí ìwé ti àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá, kò sí èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọkùnrin náà le. Ó ní egungun ìhà màlúù kan tó ń fi tẹ ìṣẹ́po bébà. Egungun yẹn kan náà ló fi ń tọ́ wa. Tí òwú rẹ bá dẹ̀, egungun. Tí sítáàṣì tí a fi ń lẹ awọ bá kán sórí ewé, egungun. Èyí kò dùn mí, torí ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ yẹ kó gba ìbáwí. Èyí tó dùn mí ni ti ọjọ́ tí mi ò ba nǹkan kan jẹ́.

Nínú gbogbo ìwé tí a bá rán, a máa ń fi ewé kan tí wọn kò kọ nǹkan sí síwájú. Bébà wọ́n nígbà náà. Mo ti ń wo ewé òfìfo yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, Àáfà, kí ni ewé yìí wà fún?

Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi sórí pákó. Ó fi egungun yẹn gbá mi ní oríkèé ìka lẹ́ẹ̀meje, ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á bó ṣe ń lù ú.

Ó ní, "Ọmọ iṣẹ́ kì í béèrè. Ojú lọmọ iṣẹ́ ń lò."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú abẹ́rẹ́ mi kí n máa rán. Ìka mi wú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún mẹ́jọ ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò sì tún bi í ní ohunkóhun mọ́, kódà bóyá àgbò rẹ̀ ti jẹun tàbí kò tíì jẹun.

Nígbà tí mo gbòmìnira, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ọ̀nà Bukuru. Yorùbá ló ni ín, Mánéjà ni gbogbo wa ń pè é. Àáfà dúró fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ohun tí mo mọ̀ náà ló mọ̀." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn náà sọ́kàn. Mánéjà gbà mí lọ́jọ́ náà, ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìlà ni wọ́n fún mi rán fún ọdún méjì àkọ́kọ́, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ń kọ nǹkan sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí. Apá tó bá wù ọ́ ni kí o rán an, ẹni tó rà á ló máa yí i bó ṣe fẹ́. Ìwé kíkà, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ń rán an. Mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Nínú àwọn ọdún 1970 ni Tíṣà Bọ́lá dé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tudun Wada ló ti ń kọ́ni. Ó ti rẹ obìnrin yìí pé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì òun ò lè sọ Yorùbá dé ìdí. Ó wá jókòó, ó ya ìwé àwòrán kan fún wọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ló fi yà á. Ìtàn ọmọbìnrin kékeré kan ni, Àjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ní àárín ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ gbogbo gbẹ, Àjọkẹ́ rí omi tín-ín-rín tó ń ṣàn kọjá níwájú ilé wọn. Ó bi ìyá rẹ̀ àgbà pé níbo lomi yìí ti ń bọ̀, ìyá àgbà ò mọ̀. Ó bi alápatà, kò mọ̀. Ó bi ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, kò mọ̀. Ló bá ń tọ omi náà lọ, ojú ìwé kan sí èkejì, títí tó fi gun òkè àpáta kan, tó sì rí kòtò ńlá tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀, tó kún fún omi aláwọ̀ búlúù, tí ẹyẹ funfun pọ̀ lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àwòrán. Tíṣà ò jẹ́ kí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i, ó ní nọ́ńbà á ba àwòrán òun jẹ́.

Wọ́n tẹ ìwé náà tán, àfi kí ìyá ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà yẹn kú, ó sì lọ sílé lọ sin ín. Mánéjà ní kí èmi rán an. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti to ewé rẹ̀ jọ fún mi, wọ́n fi èédú fa ìlà sórí òkìtì kọ̀ọ̀kan: ìlà kan, ìlà méjì, ìlà mẹ́ta. Mo tò ó bí wọ́n ṣe fa ìlà. Mo lu ihò méje. Mo rán an dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, kò sí òwú kan tó dẹ̀. Apá ọ̀tún ni mo rán an sí.

Ìgbà tí mo fẹ́ fi èèpo bò ó ni mo rí nǹkan. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ti wà ní títẹ̀, àwòrán Àjọkẹ́ wà lójú rẹ̀. Bí mo ṣe fi í bo ìwé, ojú èèpo bọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, ibi tó ṣófo ló wá síwájú. Mo yí i, mo tún yí i. Tí mo bá ní kí àwòrán Àjọkẹ́ wà lókè, òpin ìtàn ló máa kọ́kọ́ ṣí.

Ìbéèrè náà dé ọ̀fun mi. Mo mú èèpo kan àti ìwé kan lọ́wọ́, mo lọ sí ẹnu ọ̀nà Mánéjà. Ó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní kí ni. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, oríkèé ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Mo ní, "Kò sí o, sà. Mo ní kí n kí yín ni."

Mo padà sí ìdí iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó kàwé ló ni ìwé wọn, wọ́n á ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo fi àwòrán Àjọkẹ́ sókè, mo lẹ gbogbo rẹ̀ pátá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìwé náà lọ́lẹ̀ ní ilé ìwé Tíṣà, mo wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ mi lọ. Inú mi ń dùn, ìwé kíkà mi àkọ́kọ́ ni. Àwọn òbí jókòó lábẹ́ igi. Tíṣà pe ọmọbìnrin kan síta kó wá kà á fún gbogbo ayé. Ọmọ náà ṣí èèpo, ó kà á sókè pé, "Omi rèé." Ó ṣí èkejì. Àjọkẹ́ dúró lápá ọ̀tún, ó na ìka sí ìta ìwé, adágún omi tó ń wá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì. Ọmọ náà tún ṣí i, Àjọkẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bàbá kan níwájú sọ ní Hausa pé, "To, an gama," pé ìtàn ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ni gbogbo wọn bá fi ẹ̀rín sí i. Tíṣà gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, ó sì lọ jókòó.

Ní ọjọ́ kejì Mánéjà pè mí sí ọ́fíìsì. Tíṣà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Mánéjà ti ránṣẹ́ sí Àáfà Jímọ̀ torí pé òun ló dúró fún mi. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé òun máa lé mi, òun á sì sọ fún gbogbo ilé ìtẹ̀wé tó wà láti Jos dé Bukuru pé kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ti fẹ́yàwó nígbà yẹn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé.

Ẹ̀rù ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí, torí pé Àáfà wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa gbà mí: pé bí òun ṣe kọ́ mi nìyẹn, pé ọ̀tún ni ìwé tiwa ti ń ṣí. Àáfà gba ìwé náà, ó ṣí i. Lójú ẹsẹ̀ ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì rí i pé ó rí i. Ó pa ìwé dé.

Ó ní, "Haba, Mánéjà. Èmi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ló dé tí kò béèrè?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, tí mo bá sì rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́, màá gbé àwo tì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àáfà wà lọ́jà. Òun gan-an ló wọ́ ọ lọ́rùn. Ṣé mo lè pe ọ̀gá mi lónírọ́ lójú àlejò? Wọ́n ò bí mi bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú.

Tíṣà Bọ́lá ló la ẹnu. Òun tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè.

"Sàlíù, kí ló dé tó o fi rán an sápá ọ̀tún?"

Láti orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé. Mo sọ bí ìwé kéwú ṣe ń ṣí, mo sọ pé mi ò mọ A, B, D, mo sọ pé mo dé ẹnu ọ̀nà Mánéjà tí mo sì padà. Tíṣà yíjú sí Àáfà. Àáfà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Tíṣà wá sọ fún Mánéjà pé kó má lé mi, pé ẹni tó rán an ni kó tú u.

Mo tú u. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé yẹn, tí mo ń fi abẹ kékeré já òwú tèmi fúnra mi, ìwé kan tẹ̀ lé ìkejì, tí mo sì ń tún un rán sápá òsì. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ, Tíṣà á jókòó tì mí, á máa fi ìwé náà kọ́ mi ní A, B, D. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà ni, "Níbo lomi yìí ti ń bọ̀?" Ọkùnrin tó ti ní ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ihò ò ṣe é dí. Gbogbo ìwé náà ni ihò méje wà létí rẹ̀ lápá ìta, ibi tí ọwọ́ ọmọdé máa ń mú. Àwọn ọmọ ń fi ojú wò ó, wọ́n ń ki ọ̀pá koríko bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń bi Tíṣà pé kí ni. Tíṣà á ní kí wọ́n lọ bi Sàlíù. Wọ́n á rọ́ dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń sọ fún wọn. Mi ò ní parọ́ pé inú mi dùn. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́. Síbẹ̀ mi ò lé ọ̀kan nínú wọn.

Láti ìgbà náà mo di abèèrè. Mánéjà ní tí òun bá mọ̀ pé báyìí ni màá ṣe dà, òun ì bá ti fi mí sílẹ̀ nínú ìwé ìlà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ oníwáyà dé, tó ń gun ìwé ní gbà-gbà lẹ́ẹ̀mejì, mo bèèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí wáyà bá dógùn-ún. Wọn ò dá mi lóhùn, wáyà dógùn-ún. Nínú àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé èyí tó ń fi gúlúù gbígbóná lẹ ìdí ìwé dé. Mo bèèrè pé ṣé ẹni tó ṣe é mọ ọyẹ́ Jos. Ọyẹ́ dé, gúlúù gan, ó sán, ìwé ń já ní ewé ní ewé bí àkàrà tó gbẹ. Òṣùwọ̀n iṣẹ́ ti wá di bó ṣe yá sí, kì í ṣe bó ṣe pẹ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, torí tí n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa gúlúù, ilẹ̀ máa ṣú.

Àáfà Jímọ̀ ńkọ́? Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo ń kí i láti òkèèrè ní pápá ìkírun, tí mi ò dé ilé rẹ̀. Nígbà tó yá mo gbọ́ pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyàwó mi ní kí n lọ, pé ọ̀gá ẹni ni ọ̀gá ẹni. Mo lọ. Àmọ́ kì í ṣe ìkíni ló gbé mi lọ. Ìbéèrè ló gbé mi lọ. Mo mú ẹ̀dà kan ìwé Àjọkẹ́ dání.

Orí awọ ewúrẹ́ ló jókòó sí. Ó dá ohùn mi mọ̀, ó súre fún mi. Mo jókòó, mo ní, "Àáfà, ewé òfìfo tí a máa ń fi síwájú ìwé, kí ló wà fún?"

Ó ní, "Wallahi, mi ò mọ̀. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Ẹ ò bi ọ̀gá yín?"

"Kí n bi wọ́n? Wọ́n á lù mí pa."

Mo ti rò pé tí mo bá bèèrè, ara á tù mí. Kò tù mí. Ó tún burú sí i. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọkùnrin yìí gbá mi ní egungun nítorí ohun tí òun náà ò mọ̀, tó kàn ń bẹ̀rù láti mọ̀.

Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ ìdí rẹ̀, ó tẹ òwú wò, ó ní òwú yìí le, ó ní ọwọ́ mi nìyí. Ó ń fọwọ́ lọ, ó ń fọwọ́ bọ̀. Ìka rẹ̀ dé etí ìwé lápá kejì, ó sì dúró. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje.

Ó ní, "Sàlíù, kí ni ihò wọ̀nyí?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi mí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Èsì rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo ti sọ ọ́ fún àìmọye ọmọdé. Mo wo ojú rẹ̀ tó ti fọ́ yẹn. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Àáfà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ojú lọmọ iṣẹ́ ń lò."

Mo bọ́ síta. Kò pè mí padà. Iléyá tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé.

Iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe, ìyẹn ò kàn mí. Mo ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún mi, ẹ sì ti rí i pé mo jàre. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan lo gbogbo ayé rẹ̀ láìbéèrè, ó wá béèrè ẹ̀ẹ̀kan, èmi ló bi, mi ò sì dá a lóhùn. Ìwé náà wà lórí àga mi níbí. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ihò yẹn wà fún wá béèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò tíì sọ fún.